Ta Ló Ń Kan Ọkọ̀?

Kí n tó ra pákó, mo máa ń fi ìka kàn án.
Gbo, gbo. Mo dẹ etí.
Igi tó yè kooro á dáhùn bí ẹni tó jẹun yó;
èyí tí ikán ti wọ̀ á gbé ohùn mì.
Ojú kì í rí i. Ara rẹ̀ á máa dán.
Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo fi kan ọkọ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
n kò ra pákó tó ti inú jẹrà rí.

Ta wá ni yóò kan èmi?

Mulikátù ló ń kà á, èmi kò kà á.
Ó ní, "Baba Wàídì, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ dìde lóru àná."
Mo ní omi ni mo mu jù. Mo ní ọjọ́ orí ni.
Lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Balógun, mo ń dúró de ìtọ̀
bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ tó ti kọjá:
ó kán tó, ó dá,
ó tún kán tó.
Àkùkọ Sàbítíù kọ, mo ṣì wà níbẹ̀.
Okùnrin kì í sọ irú rẹ̀ fún okùnrin.
Ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù kò sọ ọ́. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun.
Kó tó sọ ọ́, jẹjẹrẹ ti wọ egungun.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní Lẹ́kí, iye tó jáde ga.
Dókítà ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́, ìbéèrè ni.
Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ là bá kàn fi gún un káàkiri,
bí ẹni ń fi ọ̀kọ̀ gún omi dúdú, tó ń retí ẹja.
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ìsàlẹ̀ omi."

Òòfà ni wọ́n ní yóò rí i,
òòfà tó fẹ̀ débi pé èèyàn lè sùn nínú rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ní òòfà:
mo ń fi okùn wọ́ ọ nínú yanrìn nírọ̀lẹ́
kó bá mi ṣa ìṣó tí àwọn ọmọṣẹ́ gbé sọnù.
Bọ̀sẹ́dé tó ń darí ẹ̀rọ bi mí bóyá irin wà lára mi.
Mo bọ́ òrùka, mo bọ́ aago.
Mo wá rántí orí ìṣó tó kán sí itan mi
lọ́dún tí a kan ọkọ̀ àwọn ará Ẹ̀jìnrìn.
Ó ní kí n dìde.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi yọ ọ́ tí ojú rẹ̀ fi jiná.
Mo gbé e wálé; òòfà mi fò mọ́ ọn bí ọmọ tó rí ìyá.

Lọ́jọ́ tí mo padà, wọ́n tì mí wọ inú ihò náà. Kí n má mira.
Gbá-gbá-gbá-gbá. Ó dákẹ́. Tí-tí-tí-tí.
Mo mọ ohùn yìí! Òòlù ni.
Ẹnì kan ń kan ọkọ̀, mo sùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà.
Mo ka ìṣó dé igba ó lé mẹ́tàlá, mo ṣìkà.
Mo dẹ etí sí ìdáhùn ara mi,
n kò gbọ́.

Àwòrán náà dà bí òṣùpá tó já sínú ẹrẹ̀.
"Kókó náà nìyí, ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá.
Ẹ wo apá òsì."
Àbàwọ́n kan, kò ju kóró ọsàn lọ.
"Ṣé òun ni?"
Dókítà ní, "Àwòrán kì í pe orúkọ.
Àmọ́ abẹ́rẹ́ ti mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn báyìí."

Ọjọ́bọ̀ ni abẹ́rẹ́. Òní Ìṣẹ́gun.
Sàbítíù bá mi létí ọ̀sà, ó ní kí ni mo ń wá lọ sí Lẹ́kí.
Mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀.
Ó wo omi títí. Ó bojú wẹ̀yìn,
ó na ìka mẹ́rin sókè, kò sọ nǹkan kan.
Mo kan pákó tó wà láàárín wa.
Gbo.
A jọ dẹ etí.